Láti Kubwa dé Ìkọ̀lé: Ọ́ìlì Tó Ń Gbé Ìdílé Relé

Kubwa wà ní ẹ̀bá títì ńlá tó ti àárín Àbújá lọ sí Zuba. Àwọn Gbagyi ti ń dáko lágbègbè náà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó kó olú-ìlú kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Lónìí, bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré nínú ọjà Kubwa, ẹ ó gbọ́ Haúsá, Ígbò, Tífù, Ìgalà àti Gbagyi, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá oríṣiríṣi: ti Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì, ti àwọn ará wa Ọ̀kun láti ìpínlẹ̀ Kogí. Láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́tò la fi ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Tó bá wá di oṣù Kejìlá, mọ́tò kan náà la fi ń kó ọmọ, ẹrù àti àpò gààrí òfìfo relé.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ilé tiwa. Bí a bá gbéra ní Kubwa ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ọ̀sán ti máa ń rọ̀ kí a tó wọlé. Nínú gbogbo ìmúra tí à ń ṣe fún ìrìn náà, ọ̀kan la fẹ́ bá yín sọ lónìí: pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì fúnra ẹni nínú àgbàlá ilé ẹni. Jíìpù Toyota Highlander ti ọdún 2015 la ń lò, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ V6, lítà 3.5. Ó pọ̀ lójú títì Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló sì ní i tàbí èyí tó jọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ lè tẹ̀lé wa. Kó ṣáà yẹ ìwé mọ́tò tirẹ̀ wò fún iye lítà àti irú ọ́ìlì tó ń mu.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀

Zuba la ti ń yà sápá òsì. Òkè Zuma á wà lẹ́yìn wa, àwọn ọmọ á sì fa náírà 100 yọ láti fi àwòrán òkè náà tó wà lẹ́yìn owó wé òkè gidi. Tí a bá kọjá Gwagwalada, tí a dé Kwali, ó kan náírà 20, nítorí Ladi Kwali amọ̀kòkò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn Kwali ni Abaji, lẹ́yìn Abaji ni Koton-Karfe, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ lọ bá omi. Ní ọdún 2012 àti 2022, odò kún bo títì lágbègbè yìí, ìrìn-àjò sì dúró. A ó gba orí afárá Jamata sọdá odò Ọya, a ó wọ Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé.

Láti Lọ́kọ́ja, a ó gba Obajana lọ sí Kàbà, bíi kìlómítà 80. Apá yìí ni ọ̀nà ti ń dán mọ́tò wò. Obajana ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá wà, ibẹ̀ sì ni tírélà ti ń tò bí èèrà. Ẹ ó tẹ̀lé tírélà kan lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, gòkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹrù tó kún ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ ó rí àyè, ẹ ó tẹ iná mọ́ ọn kí ẹ lè kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún pàdé òmíràn. Eruku ọyẹ́ á sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń ṣe báyìí fún wákàtí méjì ń gbóná, ọ́ìlì ló sì ń bá a gbé ooru náà.

Lẹ́yìn Kàbà, a ó gba Iyamoye dé Ọmùò, a ti wọ Èkìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró ra iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, "Ọ̀kun o" ni wọ́n fi ń kí wa. Ìkíni yìí ni gbogbo ènìyàn fi ń pe àwọn Yorùbá apá ibẹ̀: Ọ̀wẹ́, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sọ Haúsá níléèwé máa ń gbé etí sókè tí wọ́n bá gbọ́ ọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé a ti ń súnmọ́ ilé.

Gbogbo wa la sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yẹn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, aládùúgbò wa kan, Bàbá Ìbejì, ń lọ sílé ọdún pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá arúgbó. Wọ́n ti ṣe sáfíìsì mọ́tò náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n kọjá Obajana tán ni iná pupa tó dà bíi kẹ́tùrù tó ń kán omi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá Ìbejì mọ ohun tí iná náà ń wí: kò sí agbára lẹ́yìn ọ́ìlì mọ́. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnì. Ìyẹn ló gba ẹ́ńjìnì náà là. Ṣùgbọ́n odindi ọ̀sán ni wọ́n fi jókòó sábẹ́ igi, ìyá arúgbó lórí àpótí, kí awakọ̀ tírélà kan tó bá wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó wá fa mọ́tò lọ sí Kàbà. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i wò, òrùka rọ́bà kékeré kan ló fà á. Ẹni tó ṣe sáfíìsì náà pààrọ̀ fílítà, ṣùgbọ́n ó fi òrùka rọ́bà àtijọ́ sílẹ̀ lára ìdérí rẹ̀. Rọ́bà náà ti le, ó ti sán, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ jò díẹ̀díẹ̀ láti Kubwa.

Láti ọdún náà ni ìdílé mẹ́rin ládùúgbò wa ti pinnu láti kọ́ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe torí pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. A fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò tí a kó ọmọ wa sí ni.

Ẹni tó kọ́ wa

Ọ̀gá tó kọ́ wa jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Àbújá. Haúsá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ débi pé àwọn ará Kánò máa ń bi í pé àdúgbò wo ló ti wá ní Kánò. Nígbà tí a sọ ohun tí a fẹ́ fún un, ẹ̀rín ló rín.

"Ẹ̀yin tíṣà wa," ó ní, "ọ́ìlì kọ́ ni mo fi ń kọ́lé. Ohun tó ń dùn mí ni kí n ṣí ẹ́ńjìnì ẹni, kí n bá ẹrẹ̀ dúdú nínú rẹ̀, kí oníǹkan wá ní ṣèbí òun ń ṣe sáfíìsì. Ẹ jókòó, ẹ wò mí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la wò ó kó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan sípánà.

Bí a ti ń wò ó là ń gbọ́ èdè iṣẹ́ náà, àwa tí ọ̀rọ̀ èdè sì jẹ́ iṣẹ́ wa ò lè ṣe kí a má fetí sí i. Yorùbá ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: èyí tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì ni epo, èyí tó ń yọ̀ ọ́ ni ọ́ìlì. Nílé epo, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ epo, kò sẹ́ni tó máa rọ ọ́ìlì fún yín. Ní Haúsá, *mai* ni gbogbo rẹ̀, láti orí òróró ìdáná dé epo mọ́tò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ́ńjìnì ní láti sọ pé *man inji*. Mẹkáníìkì pàápàá, wọ́n sọ ọ́ di *bakanike*, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní *Bayarabe*, àfi bí ẹni pé ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Kánikè. Tí wọ́n bá pọ̀, *kanikawa* ni wọ́n. Ọ̀gá wa ò rí nǹkan ìyanu nínú èyí. "Èdè tí kọ́sítọ́mà bá gbọ́ ni mo ń sọ," ó ní.

Ohun tí ìwé wí, àti ohun tí eruku wí

Ìwé tó bá Highlander yìí wá sọ pé ọ́ìlì 0W-20 ni kí a máa lò. Ìwé náà tún sọ pé bí a ò bá rí i, a lè lo èyí tó súnmọ́ ọn fún ìgbà kan, kí a padà sí 0W-20 ní sáfíìsì tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, 20W-50 ni wọ́n máa ń nà síni, wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí a tú nọ́ńbà náà. Ẹ rántí bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, tó jẹ́ pé ẹ ní láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó tó ṣàn. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí òtútù mú un. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń yára dé ibi gbogbo láàárọ̀. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 100. Ẹ́ńjìnì òde òní kò fi ọ́ìlì yọ̀ nìkan. Agbára ọ́ìlì náà ló fi ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí àti ìgbà tó ń pa dé padà, ojú ọ̀nà tóóró ni ọ́ìlì sì ń gbà débẹ̀. Ọ́ìlì tó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ti ń tutù kì í tètè dé ibi tóóró. Àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí ẹ̀yà ara wọn ti jẹ ara wọn gba ọ́ìlì tó ki; ìyẹn ni ìmọ̀ràn 20W-50 ti wá, kò sì burú fún wọn. Kì í ṣe ti jíìpù yìí.

Lórí ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀, ìwé náà gbà kí mọ́tò tó ń mu 0W-20 rìn tó máìlì 10,000, ìyẹn bíi kìlómítà 16,000, tàbí ọdún kan. Ṣùgbọ́n ó tún ní ẹni tó bá ń rìn nínú eruku, tàbí tó ń pẹ́ nínú gósílóò pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn, kó gé e sí ìdajì: kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ta ló wà ní Àbújá tí eruku ọyẹ́ ò kàn, tí gósílóò ò sì kàn? Ìdajì yẹn ni tiwa. Ìkìlọ̀ sáfíìsì tó ń yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò sì lè bá wa pinnu, nítorí ìrìn nìkan ló ń kà. Kò tọ́ ọ́ìlì wò, kò sì mọ̀ bóyá ẹ dúró fún wákàtí méjì ní ojú kan.

Ọjà

Ayédèrú ọ́ìlì wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣòro: wọ́n á ra kẹ́ẹ̀gì òfìfo, wọ́n á da ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n ti sẹ́, sínú rẹ̀, wọ́n á sì tún un dé. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gún kẹ́ẹ̀gì tiwa láìdí tí a bá ti lò ó tán, kó má bàa di ohun èlò lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a bá ń rà á, ohun mẹ́rin là ń wò. Èkíní, èdìdì ẹnu kẹ́ẹ̀gì: kò gbọdọ̀ tíì já, kò sì gbọdọ̀ jọ èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Èkejì, nọ́ńbà ìpele ìṣejáde tó wà lára kẹ́ẹ̀gì: kò gbọdọ̀ ti pa rẹ́. Ẹ̀kẹta, àmì rìbìtì API, tí lẹ́tà méjì wà nínú rẹ̀. SP, tó jáde ní ọdún 2020, dára fún ẹ́ńjìnì yìí. SN tó ṣáájú rẹ̀ náà kò burú. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, àmì MANCAP ti àjọ SON gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á ní ìdajì owó tí gbogbo ọjà ń tà á, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Lítà 6.1 ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin kan àti onílítà kọ̀ọ̀kan mẹ́ta ni a máa ń rà. Ìyókù la ń gbé sínú mọ́tò fún ọ̀nà. Fílítà rẹ̀ kì í ṣe agolo onírin tí à ń yí kúrò lódindi. Bébà tí wọ́n ká rìbìtì ni, tó ń wọ inú ìdérí kan. Òrùka rọ́bà tuntun máa ń wà nínú páálí fílítà náà. Bí ẹ bá ṣí páálí tí ẹ ò bá rí rọ́bà níbẹ̀, ẹ dá a padà.

Nínú àgbàlá

Àárọ̀ Sátidé la máa ń ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn, kì í ṣe ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ń jò, ọ̀sẹ̀ yẹn á fi hàn wá ní Kubwa, kì í ṣe ní Obajana.

A ó gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ títẹ́jú, a ó fi búrééki ìdúró dì í, a ó fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. A ó tan ẹ́ńjìnì fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè ṣàn dáadáa. Kò gbọdọ̀ gbóná débi tí á fi jó ọwọ́. A ó pa á, a ó fi jáákì gbé iwájú, lẹ́yìn náà a ó ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń fi gbé mọ́tò dúró sábẹ́ rẹ̀, méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Òfin àkọ́kọ́ nílé wa nìyí: ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ mọ́tò tí jáákì nìkan gbé dúró, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Òfin kejì: ọmọdé kì í wọ abẹ́ mọ́tò rárá. Iṣẹ́ tiwọn wà lókè.

A ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó sì tú ìdérí ẹnu ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lábẹ́, nídìí agbada ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sọ́ǹpù, nọ́ọ̀tì kan wà tó ń gba sípánà 14. Báfù tó gba lítà mẹ́wàá ni à ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yí nọ́ọ̀tì náà sápá òsì, ẹ fi ọwọ́ tì í wọlé bí ẹ ti ń yí i kó má bàa já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín jìnnà. Ọ́ìlì kì í kọ́kọ́ jáde ní ìrọ̀rùn. Ó máa ń tu jáde síwájú, nítorí náà ibi tí ó máa balẹ̀ ni kí báfù wà, kì í ṣe ìdí nọ́ọ̀tì gan-an. Nígbà tó bá yá, á padà sẹ́yìn, á di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á di ẹ̀kán. A máa ń fún un ní ìṣẹ́jú ogún. Àsìkò yẹn la máa ń mu tíì.

Nọ́ọ̀tì náà ní wáṣà kékeré kan lọ́rùn. Tuntun la ń fi sí i. Àwọn tó ṣe mọ́tò ní agbára Newton-mita 40 ni kí a fi dì í, a sì yá sípánà tó ń wọn agbára ìdì lọ́wọ́ ọ̀gá wa títí a fi ra tiwa. Ó máa ń ṣe àwọn ọkùnrin bíi kí wọ́n fi gbogbo ara dì í. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Agbada yẹn rọ̀ ju nọ́ọ̀tì lọ. Bí ojú ìdì rẹ̀ bá jẹ, owó agbada tuntun lẹ ó san.

Ó kan fílítà. Pulọ́ọ̀gì kékeré kan wà láàárín ìdérí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú u kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi irin onífìlà tó bá a mu yí ìdérí náà kúrò. Ẹ yọ bébà àtijọ́. Ẹ wá òrùka rọ́bà àtijọ́ nínú kòtò tó ń gbé lára ìdérí, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ní ilé tiwa, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń gba rọ́bà àtijọ́ náà sọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè da ọ́ìlì tuntun sí mọ́tò àyàfi tó bá gbé e sókè tó sì sọ pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi." Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa òrùka rọ́bà tuntun lára, ẹ fi sínú kòtò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí ìdérí padà títí á fi gbá, kí ẹ wá fi Newton-mita 25 parí rẹ̀.

Ẹ da lítà márùn-ún ààbọ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ tan ẹ́ńjìnì. Iná pupa ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí nọ́ọ̀tì àti ìdí fílítà wò láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá gbẹ, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Ojú àmì méjì ló wà lára rẹ̀. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi súnmọ́ àmì òkè. Kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù á máa ho fọ́fọ́ọ̀ nínú ẹ́ńjìnì, ìfófòó kì í sì í yọ irin bó ṣe yẹ.

Ọmọkùnrin wa ló ń kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, iye kìlómítà, orúkọ ọ́ìlì, nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì. Ìwé náà wà nínú àpótí iwájú mọ́tò. Bí a bá sì gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wa fún búrééki tàbí ohun mìíràn, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń béèrè.

Ibi tí dúdú ń lọ

Ìyókù ni lítà mẹ́fà ọ́ìlì dúdú nínú báfù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e. Gọ́tà Kubwa ń ṣàn lọ sínú odò Usuma. Usuma ń ṣàn lọ bá Gurara. Gurara ń ṣàn lọ bá Ọya, kí Ọya tó dé Lọ́kọ́ja. Àwọn tó ń pẹja, tó ń fọṣọ, tó sì ń pọnmi létí odò náà ni à ń kọjá lọ́nà ilé lọ́dọọdún. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí a bá dà nù nínú sáfíìsì kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímọ́ jẹ́.

Àwọn kan ń fi kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù pa ajá tó ní èélá lára, àwọn mìíràn sì ń fi pa ara ènìyàn. Ẹ má ṣe é. Ìdọ̀tí irin àti èròjà olóró láti ara iná ẹ́ńjìnì ló sọ ọ́ di dúdú, awọ ara sì lè fà á wọlé. Ìbọ̀wọ́ là ń wọ̀ tí a bá ń ṣiṣẹ́, ọṣẹ la sì fi ń wẹ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Inú kẹ́ẹ̀gì tí a ti lò la ń dà á padà sí, a ó dé e dáadáa, a ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá wa níbùdó mẹkáníìkì. Nínú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó o jọ síbẹ̀ fún àwọn tó ń rà á. Àwọn káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ kọnkéré wà lára wọn: wọ́n ń fi pa pákó kí sìmẹ́ńtì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn tí a bá ti dà á tán síbẹ̀ la tó ń gún kẹ́ẹ̀gì nídìí. Fílítà àtijọ́, a ń gbé e kọ́ kó ro tán kí a tó fi lọ́rá dì í.

Ní ọjọ́ ìrìn

Kí a tó gbéra, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, géèjì ni ohun àkọ́kọ́ tí à ń wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Lọ́kọ́ja, nígbà tí a bá dúró jẹun, a máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò. Omi ẹ̀rọ amúlétutù á wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ẹ̀kán dúdú ni à ń wá.

Lọ́dún tó kọjá, a kọjá Obajana ní agogo mọ́kànlá kù díẹ̀. Tírélà mẹ́rin la tẹ̀lé lẹ́yìn kí a tó rí ọ̀nà. Àwọn ọmọ ka igi tí Bàbá Ìbejì àti ìdílé rẹ̀ jókòó sí abẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí à ń fi hanni, bí òkè Zuma àti Kwali. Ní Kàbà, obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wa pé "Ọ̀kun o," gbogbo mọ́tò sì dá a lóhùn. A wọ Ìkọ̀lé nígbà tí wọ́n ń gún iyán ọ̀sán lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin wa mú àkísà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ níwájú ìyá ìyá rẹ̀. Ọ́ìlì wà lójú àmì. Màmá bi í pé kí ni ìyẹn wà fún. Ó ní, "Màmá, òun ló gbé wa wá."